Ṣé ohun tí èèyàn ń wá lórí Google lè sọ fún wa pé onígbáméjì ti dé?

Dátà_Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ àrùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwa la máa ń kó iye aláìsàn jọ láti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, a ó fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, l'Ábújá. Kí ìwé tó ti abúlé dé ọwọ́ wa, ọ̀sẹ̀ kan lè ti kọjá. Onígbáméjì kì í sì í dúró de ìwé. Ẹni tó bá mú gan-an lè kú láàárín wákàtí mélòó kan bí kò bá rí omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu, tàbí kí wọ́n fa omi sí i lára.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Mo ṣí Google Trends, ibi tí Google ti ń fi ìlà hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan tó, mo kọ "cholera" (onígbáméjì) sí i, mo yan Nàìjíríà. Ìlà náà sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó wá fò sókè ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí ìjọba Èkó kéde pé àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀. Ó jọ mí lójú. Bí àwọn èèyàn bá ń bi Google kí wọ́n tó dé ọsibítù, ṣé a ò lè máa wo ìlà yìí láràárọ̀, ká fi mọ̀ ṣáájú ìwé? Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌyáÌbejì_Nọ́ọ̀sì:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè gidi lo bi, àmọ́ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń tẹ "cholera" sórí fóònù yẹn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣu tó ń bì láti òru, kẹ́míìsì ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Á ra Flagyl, á ra ORS, iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí wọ́n ń po sómi, bí owó bá tó, bí kò bá tó á po iyọ̀ àti ṣúgà sómi. Ìgbà tí ojú ọmọ bá ti jìn wọnú ló máa ń gbé e tọ̀ wá wá. Dátà lè má sí lórí fóònù rẹ̀, iná tí yóò fi cháàjì rẹ̀ gan-an lè má sí.

Wo ọdún 2021. NCDC ka 111,062 èèyàn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì ló ń ṣe wọ́n, 3,604 nínú wọn ló sì kú. Òkè Ọya ló ti pọ̀ jù: Bauchi, Kano, Jigawa, Zamfara. Lọ́dún 2024, títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án, àwọn tí wọ́n kà jẹ́ bí 10,800, àwọn 359 ló kú. Ẹ̀mí kan ò kéré o, n kò fojú tín-ín-rín ti Èkó. Ṣùgbọ́n nínú ọdún méjèèjì, èwo ni àwa tó ní fóònù pariwo rẹ̀ jù? Èyí tó dé Èkó ni. Àwọn abúlé tí àrùn ti jà jù ní 2021, ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kò pọ̀.

Oníṣirò_Abẹ́òkúta:
Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi àlàyé nọ́ńbà kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka Trends sódì.

100 tí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe iye èèyàn. Google á mú iye ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan níbì kan láàárín àsìkò kan, á pín in fún gbogbo ohun tí wọ́n wá níbẹ̀ lásìkò náà. Ibi tí ìpín yẹn bá ti ga jù lọ nínú ọjọ́ tí ẹ yàn ni yóò pè ní 100, á wá fi èyí tó kù wé e. Torí náà, 50 ń sọ pé ìpín ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìdajì ti ìgbà tó ga jù. 0 kò sì sọ pé kò sẹ́ni tó wá a. Ó ń sọ pé àwọn tó wá a kò tó ohun tí Google lè fi ṣírò. Ẹ yí ọjọ́ tí ẹ yàn padà, 100 á ṣí kúrò níbi tó wà.

Níbi ìlà ọlọ́jọ́ gígùn lọ̀rọ̀ ti le jù. Ọdún 2004 ni dátà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà nígbà yẹn? Ẹni tó lè sanwó wákàtí ní káfè ni: ọmọ yunifásítì, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ń wá ilé ìwé lókè òkun. Lónìí, ẹni tó ń ta tòmátì ń fi fóònù rẹ̀ wá orin, bọ́ọ̀lù, àti iye tí dọ́là jẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá, tí Google fi ń pín, ti wú, ó sì ti yí àwọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ìlà ọ̀rọ̀ bíi "mathematics" àti "chemistry" fi ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti 2004 wá ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Àwọn tó ń wá a lè ti di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ìpín wọn ṣì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọ iṣẹ́ àṣekágbá pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ sáyẹ́ǹsì mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí wọ́n ṣiṣẹ́ kára lé orí nǹkan tí kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ.

Nǹkan méjì tún wà. Google yí bó ṣe ń kó dátà jọ padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2011, 2016 àti 2022, ó sì fi àmì kékeré síbẹ̀ lójú àwòrán. Ohun tó bá fò tàbí tó já lójú àmì yẹn, ẹ má tètè pè é ní ìròyìn. Èkejì ni pé wọn kì í ka gbogbo rẹ̀ tán, díẹ̀ ni wọ́n ń bù ṣírò. Ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ lónìí, tí ẹ tún gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ńbà ọjọ́ kan náà lè yàtọ̀. Ẹ máa gbà á lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá iye àárín wọn.

Ẹ tún ṣọ́ gígùn àsìkò tí ẹ yàn. Bí kò bá tó oṣù mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ni wọ́n á fi hàn yín. Láti ibẹ̀ dé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣooṣù. Àrùn tó ń pa èèyàn láàárín ọjọ́ kan, kí ni ìlà oṣooṣù fẹ́ sọ fún yín nípa rẹ̀?

Dátà_Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ìyẹn là mí lójú sí máàpù náà. Mo rí ìpínlẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fún ní 100, Èkó ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣé ìpín náà ni? Kí ló tún dé tí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn fi máa ń já wálẹ̀ nígbà gbogbo?

Oníṣirò_Abẹ́òkúta:
Ìpín náà ni. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n fún ní 100 ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gba ààyè jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Iye èèyàn tó wá a l'Ékòó ṣì lè jù ú lọ fíìfíì. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ò tíì pé ni, ẹ wò ó dáadáa, ìlà olójú-tótòtó ni wọ́n fi yà á. Trends kò sì pín in dé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa o.

Adé_Atlanta:
Mo ń kà yín láti Atlanta níbí, ìlú tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn l'Amẹ́ríkà, fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n ti dán ohun tí àbúrò wa ń béèrè wò rí, owó àti ọgbọ́n tó pọ̀ ni wọ́n sì fi dán an wò. Ó yẹ kó mọ bó ṣe parí.

Ní oṣù kọkànlá 2008, Google gbé Google Flu Trends jáde, láti fi ohun tí èèyàn ń wá mọ bí ọ̀fìnkìn ("flu") ṣe ń jà. Wọ́n kó 50 mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá jù, wọ́n wò ó mọ́ iye àwọn tí dókítà ń rí pé ara wọn ń gbóná tí wọ́n ń wúkọ́, wọ́n wá yan 45 tó ń bá iye yẹn gòkè tó ń bá a sọ̀. Ìwé ìròyìn Nature tẹ iṣẹ́ náà ní 2009. Ìròyìn CDC máa ń pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, Google sì ní òun á máa sọ ọ́ bí ọjọ́ kan péré bá ti kọjá. Kò sí ẹni tí kò pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún 2009 yẹn náà ni H1N1, irú ọ̀fìnkìn tuntun kan, dé, lásìkò tí wọn kì í retí ọ̀fìnkìn. Ìgbì rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ Flu Trends lójú. Wọ́n tún un ṣe. Nígbà òtútù 2012 sí 2013, iye tó sọ ju ìlọ́po méjì ohun tí CDC kà lọ. Lọ́dún 2014 olùwádìí kan, David Lazer, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé láti oṣù kẹjọ 2011, nínú ọ̀sẹ̀ 108, Flu Trends bù mọ́ ọn ní 100. Ní oṣù kẹjọ 2015 Google pa á tì.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àkọ́kọ́, ìgbà òtútù ni ọ̀fìnkìn ń jà, ìgbà òtútù náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá níbí. Nígbà tí wọ́n ń yan ọ̀rọ̀, "high school basketball" bá ìlà ọ̀fìnkìn mu, wọ́n ní láti fọwọ́ yọ ọ́. Èyí tó fara pa mọ́ ju ìyẹn lọ ńkọ́? Lọ́dọ̀ yín, gbogbo ohun tó bá ń bá òjò rìn ló máa bá onígbáméjì mu nínú ìṣirò. Ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe ń se àgbàdo tútù ní oṣù kẹfà kò ṣàìsàn. Èkejì, bí tẹlifíṣọ̀n bá ti pariwo àrùn, ẹni tí ara rẹ̀ le koko náà á sáré lọ wá a. Ẹ̀kẹta, Google fúnra rẹ̀ ń yí ọ̀nà tó fi ń dábàá ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń wá nǹkan padà. Bó bá ti dábàá "flu" fún ẹni tó ń wá ikọ́, ìlà "flu" á gòkè, kò sì sí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Lazer tí n kò fẹ́ kí àbúrò fojú fò. Àkọsílẹ̀ CDC tó ti pẹ́ lọ́wọ́ gan-an ṣì sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó dára ju ti Flu Trends lọ. Ìgbà tí wọ́n wá pa méjèèjì pọ̀, èsì rẹ̀ dára ju ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó ń pẹ́ lọ́wọ́ yín yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò wúlò mọ́.

ỌmọOlójà:
Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Owó tó fẹ́ fi ra dátà, kó fi ra kiloríìnì sí kànga àwọn èèyàn. Kò sí Google tó fọ omi mọ́ rí.

Olùkọ́_Sùúrùlérè:
Kiloríìnì ṣe pàtàkì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dà á nù pátápátá. Èkó ni mo wà lọ́dún 2014, n kò lè gbàgbé.

Ní 20 oṣù keje ọdún yẹn ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde ní ilé ìwòsàn, òun náà sì bá a lọ ní 19 oṣù kẹjọ. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé ní Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lọ wo "ebola" lórí Trends fún Nàìjíríà. Oṣù kẹjọ 2014 ni góńgó rẹ̀. Ẹ yí i sí Amẹ́ríkà: oṣù kẹwàá ni, torí ìgbà yẹn ni aláìsàn kan kú ní Dallas. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejìlá ni àrùn náà ń gbóná jù ní Liberia àti Sierra Leone, níbi tí òkú ti ń sùn. Lápapọ̀, ó mú ju 28,600 èèyàn lọ, ó pa ju 11,300. Lọ́dọ̀ wa, ìlà náà ti ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn aládùúgbò wa ń kú lọ. Ẹ̀rù ni ìlà yẹn ń wọ̀n. Ìgbà tí ẹ̀rù wọ ilé oníkálukú ló ń sọ.

Ẹ̀rù náà wá ní ìbéèrè tó ń béèrè, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ yẹn, lóru kan, àtẹ̀ránṣẹ́ gba gbogbo fóònù pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, pé Ebola ò ní mú wọn. Àwọn àgbà jí ọmọ lójú oorun láti wẹ̀. Ìròyìn gbé e pé àwọn kan dèrò ọsibítù nítorí iyọ̀ yẹn, àwọn kan sì kú. Àwọn mìíràn ní orógbó ni. Kí ìjọba àti àjọ ìlera tó jáde sọ pé irọ́ ni, ilẹ̀ ti mọ́.

Lónìí, Trends ń fi wákàtí sí wákàtí hàn fún ọjọ́ méje tó kọjá, ó sì ní ibi tó ń to àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fò sókè lẹ́bàá ọ̀rọ̀ tí ẹ wá. Bí irú òru yẹn bá tún dé, tí ẹnì kan ní iléeṣẹ́ ìlera bá ń wo ibẹ̀, yóò rí "salt" tó ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àrùn náà, rédíò lè ti sọ òtítọ́ kí ìyá kan tó gbé omi kaná. Kò dìgbà tí ìlà bá sọ iye aláìsàn kó tó gba ẹ̀mí là.

ỌmọOlójà:
Tó bá jẹ́ láti mọ irọ́ tó ń rìn nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Kò yé mi bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣeun, Olùkọ́.

Àdùkẹ́_Ṣàgámù:
Dátà_Ọ̀ṣun, má wá "cholera" nìkan o. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn nìyẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn ló ń wá a. Ẹni tí inú ń run kò tíì mọ orúkọ àrùn rẹ̀. "Running stomach" ló máa tẹ̀, tàbí "purging", tàbí "how to stop vomiting", tàbí bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà. Àwọn yìí ló lè ṣáájú ìkéde. Lókè Ọya, "amai da gudawa" lédè Hausa ni. Ní Kétu àti Pọ̀tònóvò ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n á fi wá a.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Trends kì í kó oríṣiríṣi sípẹ́lì pọ̀ bí o bá yan ọ̀rọ̀ lásán. "Onigbameji" tí kò lámì àti "onígbáméjì" tó lámì, ọ̀rọ̀ méjì ni lójú rẹ̀. Bí o bá yan kókó ("topic") dípò ọ̀rọ̀, á gbìyànjú láti kó àwọn èdè pọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fọkàn tán an fún èdè wa láìṣàyẹ̀wò. Tún rántí pé lọ́jọ́ Iléyá àti Kérésì, ẹran jíjẹ nìkan lè gbé "running stomach" sókè. Fi ọdún kan wé èkejì kó o tó ké gbàjarè.

Kọ́lá_Fóònù:
Ẹ fi ti VPN náà sọ́kàn, ohun tó ń fi ibi tí fóònù wà gan-an pamọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà 2021, títí di 13 oṣù kìíní 2022, ogunlọ́gọ̀ wa ló gba VPN sórí fóònù. Ẹni tí VPN rẹ̀ ń sọ pé Netherlands ló wà, ohun tó ń wá ní Òṣogbo lè di ti Netherlands lójú Google. Ìlà Nàìjíríà lásìkò yẹn, ẹ rọra kà á.

Bísí_Agbẹjọ́rò:
Ohun kan ń kọ mí lóminú. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mọ ohun tí aráàlú ń wá, níbo ni yóò dúró sí? Lọ́dún 2006, AOL, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan l'Amẹ́ríkà, gbé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wá síta fún àwọn olùwádìí. Wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, wọ́n rò pé ó tó. Àwọn oníròyìn ka ohun tí nọ́ńbà kan wá, wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín. Àìsàn, ìgbéyàwó tó ń dàrú, ẹ̀rù àṣírí, gbogbo rẹ̀ la ń sọ fún àpótí kékeré yẹn. Trends tọ́ torí pé ìpín ló ń fi hàn, kì í fi ẹnì kan hàn, ó sì ń fi ohun tó kéré jù pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá ní kí ẹ lọ béèrè ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù, ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Oníṣirò_Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Fún ẹni tó bá fẹ́ iye gidi tí kì í ṣe ìpín, Wikipedia ń ṣí iye ìgbà tí wọ́n ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti oṣù keje 2015, fún èdè kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òǹkàwé wà ni kò sọ níbẹ̀. Ó dára láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Trends.

Dátà_Ọ̀ṣun:
Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. N kò ní fi Trends ka aláìsàn. Ìwé ilé ìwòsàn ni mo máa fi ka aláìsàn, mo sì máa wá bí ìwé náà á ṣe máa tètè dé, bóyá kí àwọn abúlé máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálaalẹ́ kí ìwé tó tẹ̀ lé e. Trends, mo fẹ́ máa wò ó lásìkò òjò fún ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Àdùkẹ́ kà sílẹ̀, mo sì fẹ́ máa ka àwọn ìbéèrè tó ń fò sókè, kí n lè gbé e fún àwọn tó ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí ìlà bá gòkè tí ilé ìwòsàn dákẹ́, mo máa pe ilé ìwòsàn. Bí ilé ìwòsàn bá pariwo tí ìlà dákẹ́, ìyẹn gan-an ló máa bà mí lẹ́rù jù, torí àwọn tí kò ní fóònù ló ń kú nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Nọ́ọ̀sì:
Ìyẹn ni mo ń retí kó o sọ. Fi kẹ́míìsì kún un, ọmọ mi. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ mi, oníkẹ́míìsì ti mọ̀. Bí ORS bá tán lórí igbá rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ fún ọ, má sì béèrè orúkọ ẹni tó rà á.

ỌmọOlójà:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta oògùn ní Ìkìrun, ó sì mọ àwọn tó kù tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, màá so yín pọ̀ lọ́la.